Ìlà Ẹfun Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

Àsàlámù aleekun, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. A kú Jímọ̀ òní. Ọlọ́hun á jẹ́ ká ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé.

Ara ògiri ni wáàsí tòní ti bẹ̀rẹ̀. Ògiri yàrá ìyá tó bí bàbá mi ni, nínú agboolé wa ní Ìdí Arẹ́rẹ nílùú Ìbàdàn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an, níbi tí àlejò kò lè rí àfi tí wọ́n bá pa ilẹ̀kùn dé. Ìlà ẹfun ló kún ibẹ̀. Òmíràn gùn, òmíràn kúrú, òmíràn ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀kan ní nǹkan róbótó lórí bí ẹni dé fìlà. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, mo rò pé eré ni. Mo mú ẹfun, mo fa tèmi mẹ́ta kún un. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìyá arúgbó lè sáré. Kò nà mí o. Ó kàn gba ẹfun lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọkọ mi, o ti kó mi sí gbèsè tí n kò jẹ."

Ìwé gbèsè rẹ̀ ni ògiri yẹn. Ìyá kò mọ̀wé, kéú tó kà náà kò ju èyí tó fi ń kírun lọ. Ṣùgbọ́n bó bá gba ọjà àwìn lọ́wọ́ ẹnì kan, kò ní fẹnu kan oúnjẹ alẹ́ kó tó fa ìlà onítọ̀hún. Àwọn tó jẹ òun alára ní gbèsè ní tiwọn lápá òsì, níbi tó rọrùn láti fi aṣọ nù. Màá padà sórí ìyẹn.

Mo ti dàgbà, mo ti ń jókòó nídìí àáfà, kí n tó mọ̀ pé áyà tó gùn jù lọ nínú Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé kì í ṣe ti ìrun, kì í ṣe ti ààwẹ̀, kì í ṣe ti Mẹ́kà. Ti gbèsè ni. Áyà 282 ni, nínú Súrátùl-Bàkárà. Ọlọ́hun ní bí a bá yá ara wa ní nǹkan títí di àkókò kan, kí á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí akọ̀wé má ṣe kọ̀ láti kọ ọ́. Ó ní ẹni tó jẹ gbèsè ni kó máa pè é kí akọ̀wé máa kọ ọ́, kó bẹ̀rù Ọlọ́hun Ọba rẹ̀, kó má sì dín nǹkan kan kù nínú rẹ̀. Ó ní kó má sú wa láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Ẹ kíyè sí i: ajigbèsè ló ń pè é, kì í ṣe olówó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìyá mi tí kò mọ áyà yìí sórí ti ń ṣe é lára ògiri láti ìgbà tí bàbá mi ṣì ń rá nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà Orítamẹ́rin láyé ọjọ́un á mọ irú àwọn ìyá tí mò ń wí. Ọdún tí wọ́n bí i, kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé òun ti ń kiri nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Ìbàdàn ní 1956, pé òun gbé igbá ẹlúbọ́ lórí dúró létí títì, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun, obìnrin náà sì kọjá fìrí. "Kò tiẹ̀ ra ẹlúbọ́," báyìí ni yóò ṣe parí ìtàn náà, a ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí wọ́n fi kọ́ Ilé Cocoa parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Bí a bá ní ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa nígbà tó lọ, a kò purọ́.

Gbodo ló ń rà, ẹlúbọ́ ló ń tà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ mọ àmàlà tí ẹ kò mọ ìyá rẹ̀: iṣu ni wọ́n ń bẹ, tí wọ́n ń bọ̀ lómi gbígbóná, tí wọ́n ń jẹ́ kó sun inú omi mọ́jú, kí wọ́n tó sá a sóòrùn lọ́jọ́ mélòó kan títí yóò fi le bí òkúta. Ìyẹn ni gbodo. Láti Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń kó ti Ìyá wá, láti apá Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣí. Ìyá á dà á sórí ẹní, á ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, á gún un wẹ́wẹ́, á gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, á jọ̀ ọ́ kó kúnná. Èyí tí kòkòrò jẹ yẹn, àwọn mìíràn ń lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Ìyá ń kó o fún àwọn elédìyẹ.

Ibi tí ẹlúbọ́ ti ń di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni kóńgò. Ẹ̀yin ìyàwó ilé mọ ohun tí mò ń sọ. Kóńgò kan wà tí wọ́n ti fi òkúta lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ojú rẹ̀ kún, inú rẹ̀ ṣófo. Òmíràn wà tí wọ́n yọ́ àbẹ́là sí nísàlẹ̀. Ọlọ́jà mìíràn sì wà tó ní kóńgò méjì, ọ̀kan fún rírà, ọ̀kan fún títà. Tìtorí irú àwọn wọ̀nyí ni odidi Súrà kan ṣe ń jẹ́ orúkọ wọn, Súrà 83, Súrátùl-Mùtọ́fífínà. Ọlọ́hun ní ègbé ni fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń wọ̀n gbà lọ́wọ́ èèyàn, kíkún ni wọ́n ń gbà á, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wọ̀n fún èèyàn, wọn a dín in. Lẹ́yìn náà ló wá bi wá léèrè bóyá àwọn yẹn kò lérò pé a ó gbé wọn dìde ni, fún ọjọ́ ńlá kan.

Kóńgò Ìyá wà nínú yàrá náà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìdí rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Á bù ú ga, á tún fi èènì lé e. Ní ọdún kan tí gbodo wọ́n gógó, mo ní kó kúkú fi èènì sílẹ̀ ná. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹni tó ra ẹlúbọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ iye ọmọ tó wà nílé rẹ̀. Bí mo bá jí ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹnu èèyàn mélòó ni mo ti jí i?" N kò tún bá a sọ ọ̀rọ̀ èènì mọ́.

Ẹ má rò pé mò ń sọ ọ́ di máláíkà. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Mo mọ òwe yẹn, n kò sì fẹ́ kó ṣẹ mọ́ mi lára lónìí. Ẹnu Ìyá mú. Ó bá ìyàálé rẹ̀ yodì fún nǹkan bí ọdún méjì nítorí ọlọ kan. Ẹni tó bá sun oorun lẹ́yìn Àsùbáà nínú agboolé yẹn, omi ló máa ń bá lẹ́sẹ̀. Bí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bá se ewédú tí kò fà, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè na ìka sí i pé ó jẹ òun lówó tí kò san, àti pé ìtàn bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 1980 ni, ìparí oṣù kẹjọ, nígbà tí odò Ògùnpa ya. Ẹni tó bá ti dàgbà ní Ìbàdàn nígbà náà kò nílò kí n ṣàlàyé. Omi gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn tí wọn kò rí òkú wọn. Ìyá ní ọgbọ̀n àpò gbodo nínú ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwìn sì ni gbogbo rẹ̀, kò ì ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ọkọ̀ já a. Nígbà tí omi fà, ẹrẹ̀ ló bá níbẹ̀, àti àpò mélòó kan tó ti wú bí òkú ẹran. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò padà wá sídìí àtẹ wọn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn ará Òkè-Ògùn ń bọ̀ wá gbowó. Ta ló fẹ́ dá wọn lẹ́bi? Àmúwá Ọlọ́hun ni wọ́n pè é.

Wọ́n bá Ìyá nídìí àtẹ tó ṣófo. Bàbá mi tó jẹ́ géńdé nígbà náà ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní Ìyá gbé àga fún wọn, ó fún wọn lómi, ó ní kí wọ́n sọ iye tó jẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ létí ọmọ òun. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní, "Ìyá, a rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi ló gbé e." Ìyá dá a lóhùn pé, "Omi gbé gbodo, kò gbé gbèsè."

Ọdún mẹ́fà ló fi san án. Sányán tó fi ṣe ìyàwó, ó gbé e lọ sí Òjé, ó tà á. Yẹtí wúrà rẹ̀ lọ. Ó ń bá àwọn mìíràn gún gbodo gbowó bí alágbàṣe, ní ọjà tí òun náà ti jẹ́ ọ̀gá. Bó bá san díẹ̀, á délé, á tutọ́ sí ìka, á sì nu ìlà náà kúrú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlà kan fi gùn tí àwọn kan fi kúrú. Gígùn rẹ̀ ni iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ìwà àwa náà wà nínú rẹ̀. Lónìí, bí a bá yáwó, tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, kò ní pẹ́ tí a ó pa nọ́ńbà dà. Ẹni tó yá wa lówó á pè títí, á wá rí àwòrán wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú aṣọ ẹbí tuntun. Bó bá sì sọ̀rọ̀, a ó ní kò ní àánú. Àánú tí Kùránì ní kí olówó ṣe wà lóòótọ́, nínú Súrátùl-Bàkárà kan náà, áyà 280: bí ajigbèsè bá wà nínú ìnira, kí wọ́n lọ́ ọ lára títí dìgbà ìdẹ̀rùn, bí wọ́n bá sì fi ta á lọ́rẹ, ó lóore fún wọn jù. Olówó ni áyà yẹn ń bá wí. Ajigbèsè tó bá gbé e sórí bíi fìlà ara rẹ̀ ti gba lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìyá wa lo áyà yẹn ní ibi tí ó wà fún gan-an, lápá òsì ògiri. Opó kan wà tó ń ra ẹlúbọ́ àwìn fún ọmọ márùn-ún. Bí ìlà rẹ̀ bá ti gùn dé ìwọ̀n kan, Ìyá á mú aṣọ tútù, á nù ún, kò ní sọ fún un. Ìgbà tí obìnrin náà bá wá san díẹ̀, Ìyá á gbà á bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wí fún un. Ó ní, "Ṣé kó lè máa kúnlẹ̀ kí mi lóríta ni?"

Ní ti èmi, ẹ̀bi mi kò kéré. Èkó ni mo ń gbé. Mo máa ń fi owó ránṣẹ́, mo máa ń pè lórí fóònù ní gbogbo Jímọ̀, mo sì ka ara mi mọ́ ọmọ rere. Iléya nìkan ni mo ń dé Ìbàdàn. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìtàn Ummu Ayman ni ara mi kọ́kọ́ bù mọ́ mi. Obìnrin yìí ló tọ́jú Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tó wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn tí Ànábì ti kú, Abubakar sọ fún Umar pé kí wọ́n lọ kí Ummu Ayman gẹ́gẹ́ bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe máa ń lọ kí i. Kàlífà ìlú ń wí o! Iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ tó ju iṣẹ́ báǹkì tèmi lọ. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyá arúgbó bú sẹ́kún. Wọ́n ní ṣé kò mọ̀ pé ohun tó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun lóore jù fún Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni? Ó ní òun mọ̀. Ohun tó ń pa òun lẹ́kún ni pé ìmísí láti sánmà ti dá. Àwọn ọkùnrin méjèèjì náà jókòó tì í, wọ́n ń sunkún. Ìmáàmù Muslim ló gba hádíìsì náà wá. Kò sí ibi tí a ti kà á pé wọ́n fi owó ránṣẹ́ dípò ẹsẹ̀.

Mo wá ń lọ lóṣooṣù. Ó ṣe mí láàánú pé ọdún méjì péré ni mo fi rí i ṣe.

Ìyá lọ ní ọjọ́ Àlàrùbá kan, lẹ́yìn Àlàásárì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ààwẹ̀ tó wọlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun márùn-ún. Kó tó di Ìṣáì, a ti kírun sí i lára, a ti sin ín. Lèmọ́ọ̀mù ràtíbì wa, mọ́ṣáláṣí àdúgbò, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí sàárè. Obìnrin kan ló mẹ́nu bà, ẹni tó máa ń gbá mọ́ṣáláṣí Ànábì, tó kú lóru tí àwọn sàhábé sì sin ín láìsọ fún Ànábì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ànábì béèrè rẹ̀, wọ́n ní ó ti kú. Ó ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún òun. Ó ní kí wọ́n fi sàárè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Ìdí tí Lèmọ́ọ̀mù fi sọ ọ́ yé gbogbo wa. Láàárọ̀ Jímọ̀, kí Ìyá tó lọ sọ́jà, ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni a máa ń gbọ́ nínú ràtíbì.

Lọ́jọ́ Àláàdì tó tẹ̀ lé e, ẹbí pé jọ lórí ọ̀rọ̀ fìdáù. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ní Ìbàdàn wa. Màlúù mélòó? Àǹkárá tàbí léèsì? Ta ni yóò pe olórin? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ìyá tó ti dàgbà báyìí kò yẹ kí a sin ín bí ọmọ ọ̀lẹ. Àǹtí wa kan ti gba àpẹẹrẹ aṣọ wá láti Gbági. Ariwo pọ̀, inú wọn sì dùn ní tòótọ́, n kò bá wọn wí. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Lèmọ́ọ̀mù tí a pè kó wá ṣàdúrà jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ta ni Ìyá jẹ?"

Ilé dákẹ́.

Ó ní òun béèrè nítorí pé wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan wá síwájú Ànábì kó kírun sí i lára, Ànábì sì béèrè bóyá ó jẹ gbèsè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n kírun sí ọ̀rẹ́ wọn lára fúnra wọn. Àfìgbà tí Abu Qatadah, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé, sọ pé òun gba gbèsè náà sọ́rùn ni Ànábì tó kírun náà. Ó ní nínú Súrátùn-Nísáì, níbi tí Ọlọ́hun ti pín ogún, áyà 11 àti 12, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ọlọ́hun tún un sọ pé lẹ́yìn wàsíyà, ìyẹn ohun tí òkú pa láṣẹ, àti gbèsè ni. Ó ní màlúù tí ẹ ń wí yìí, nínú owó ta ni? Bó bá jẹ́ nínú ohun tí Ìyá fi sílẹ̀ ni, gbèsè ló kọ́kọ́ ni ín.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìyá kò jẹ gbèsè. Bàbá mi wo ojú mi. Mo ní, "Lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

A dìde, gbogbo wa, ọkùnrin, obìnrin, a kún inú yàrá kékeré yẹn, a ti ilẹ̀kùn. Mo ti gbọ́ wáàsí púpọ̀ láyé mi, n kò tíì rí èyí tó dà bí ọgbọ̀n àgbàlagbà tó dúró tí wọ́n ń wo ògiri láìsọ̀rọ̀.

Apá òsì kò fún wa ní wàhálà. Ìlà mọ́kànlá ló kù níbẹ̀. Àǹtí wa tó ń bá Ìyá tajà mọ gbogbo wọn. Ẹnì kan ní kí a nù ún nù bí Ìyá ti máa ń ṣe, Lèmọ́ọ̀mù sì dá a dúró: owó náà ti di ogún báyìí, ẹnì kan ṣoṣo kò lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, gbogbo ajogún gbọ́dọ̀ fi tọkàntọkàn fọwọ́ sí i. Ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà ní Kánádà, a pè é lórí fóònù. Àǹtí tó ń kó aṣọ kiri ló kọ́kọ́ mú aṣọ tútù.

Ìlà méje ló wà lápá ọ̀tún, ti àwọn tí Ìyá jẹ. Márùn-ún nínú rẹ̀ jẹ́ owó kékeré, owó ẹ̀rọ, owó àpò, owó alábàárù kan tí kò gba ṣéńjì rẹ̀. A san wọ́n láàárín ọjọ́ méjì. Alábàárù yẹn kò fẹ́ gbà á. Ó ní òun gan-an ti gbàgbé. Méjì ló kù tí kò sẹ́ni tó mọ̀: èyí tó dé fìlà róbótó, àti ọ̀kan tó gùn ju ọwọ́ lọ díẹ̀, tó ní ẹsẹ̀ méjì nísàlẹ̀.

Ti fìdáù, mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí mi bí mo bá sọ̀rọ̀ jù. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sàráà fún òkú rẹ̀. Sa'd ọmọ Ubadah bi Ànábì bóyá sàráà tí òun bá ṣe fún ìyá òun tó ti kú yóò ṣe é láǹfààní, Ànábì ní bẹ́ẹ̀ ni, Sa'd sì fi ọgbà rẹ̀ tọrẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn ikú Ja'far, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ànábì, dé, ohun tí Ànábì sọ ni pé kí wọ́n se oúnjẹ fún àwọn ará ilé Ja'far, nítorí ohun tó dé bá wọn ti gba ọkàn wọn. Àdúgbò ló yẹ kó gbé abọ́ wá. Àwa la ti yí i padà, tí ọlọ́fọ̀ ń yá owó láti bọ́ àdúgbò. Ẹnìkan kú pẹ̀lú gbèsè kékeré, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi ti ńlá lé e. Nínú ẹbí wa, a ṣe màlúù kan, nínú owó àwọn ọmọ. Kò sí àǹkárá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣì ń rojú díẹ̀.

Ẹran yẹn ló wá tú àṣírí ìlà onífìlà. Ìyá wa Aisha ló sọ pé Ànábì máa ń pa àgùntàn, á gé e wẹ́wẹ́, á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ Khadijah ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn tí Khadijah ti kú. Mo ní kí wọ́n di ẹran fún mi, mo gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ Ìyá tó ń ta irú, tí wọ́n jọ ní àtẹ ní Orítamẹ́rin láti ìgbà èwe wọn. Àlájà ni, ó ní eyín wúrà méjì lẹ́nu. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó fọwọ́ pa mí lójú láti mọ ẹni tí mo jẹ́. Mo wá ṣàpèjúwe ìlà náà fún un.

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mẹ́kà nìyẹn." Ó ní lọ́dún tí omi ya, Ìyá jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́hun pé bí òun bá san gbèsè yẹn tán, òun á lọ ṣe Hájì. Róbótó yẹn ni Káábà, ilé Ọlọ́hun tí wọ́n ń yí po. Àwọn méjèèjì jọ ń dá àjọ fún un. Àlájà kó tirẹ̀, ó lọ, ó gbé eyín wúrà dé. Ìyá kó tirẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá lọ. Ìyá àgbà náà gbé ọwọ́ kúrò lójú mi. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo fi wọ yunifásítì ni?"

Ìyá ti sọ fún mi nígbà náà pé ọjà ló tà dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, nígbà tí àwọn ọmọ sì wá ní kó jẹ́ kí àwọn rán an lọ, ó ní ẹsẹ̀ òun kò gbé e mọ́.

Ẹ̀yin ará mi, mo dé ilé, mo ka hádíìsì obìnrin kan láti ẹ̀yà Juhaynah nínú ìwé Bukhari. Ó wá bá Ànábì, ó ní ìyá òun jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti ṣe Hájì, kò sì rí i ṣe tó fi kú. Ṣé kí òun ṣe é fún un? Ànábì ní kó ṣe é fún un. Ó bi í pé bí ìyá rẹ̀ bá jẹ gbèsè, ṣé kò ní san án ni? Ó ní kí wọ́n san ti Ọlọ́hun, nítorí Ọlọ́hun ló lẹ́tọ̀ọ́ jù pé kí a san tirẹ̀. Gbèsè ni Ànábì náà pè é. Ìyá ti kọ ọ́ sí àárín gbèsè ìyókù láti nǹkan bí ogójì ọdún.

Mo sáré lọ bá Lèmọ́ọ̀mù pé èmi ni mo máa lọ. Ó ní ṣé mo ti ṣe tèmi? Mo ní rárá. Ó ní ẹni tí kò tíì ṣe ti ara rẹ̀ kì í ṣe ti ẹlòmíràn; Ànábì gbọ́ tí ọkùnrin kan ń ké lábáíkà, ìpè àwọn tó ń ṣe Hájì, lórúkọ ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Shubrumah, ó sì ní kó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ ná. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó ti ṣe tirẹ̀, ni yóò lọ fún Ìyá, èmi ni mò ń san owó rẹ̀. A ti san ìdajì. Inú rẹ̀ ti wá rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ màlúù.

A ti kun yàrá náà ní ọ̀dà funfun, a sì fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn láìkùn ún. Ìlà onífìlà ṣì wà níbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n bàbá mi á fi dé. Èkejì ni èyí tó ní ẹsẹ̀ méjì. Àlájà onírú kò mọ̀ ọ́n. A ti béèrè ní Orítamẹ́rin, a béèrè ní Bódìjà, a ránṣẹ́ sí Ìgbòho. Lèmọ́ọ̀mù ní kí a máa wá a ná. Bí a bá wá a tì, kí a fi owó náà ṣe sàráà lórúkọ ẹni tó ni ín, kí á sì mọ̀ pé bó bá yọjú lọ́jọ́ kan, a ó tún san án.

Bí ìyá yín tàbí bàbá yín bá ti gbé gbodo wá sí Ìbàdàn rí, tí ẹ sì gbọ́ lẹ́nu wọn pé Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kan ní Orítamẹ́rin kù díẹ̀ fún àwọn, ẹ wá sí Ìdí Arẹ́rẹ. Ẹ béèrè ilé Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ọmọdé á mú yín débẹ̀. A ò ní bi yín ní ìwé. Ẹ ṣáà sọ iye tí wọ́n sọ fún yín, àwa á lọ wo gígùn ìlà náà.